Olórí àti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú Ẹgbẹ́ tí ń Tọ́jú Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí a yàn fún mi ni ti ipò olórí àti ìmọ̀ iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní. N kò ní fà á gùn, nítorí òórùn ọbẹ̀ àwọn ìyá wa ti ń dé ibi tí mo dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1919. Ogun Àgbáyé Kìíní ti dáwọ́ dúró ní ọdún 1918, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun àwọn tí ó ṣẹ́gun ṣì dí ojú òkun, oúnjẹ kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Jámánì àti Austria. Obìnrin kan tí à ń pè ní Eglantyne Jebb mú ìwé pélébé lọ sí Trafalgar Square, ó ń fi àwòrán ọmọ tí ebi ti sọ di egungun han àwọn ènìyàn. Ọlọ́pàá mú un, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn £5 fún un. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu: agbẹjọ́rò ìjọba tí ó rojọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Sir Archibald Bodkin, òun gan-an ni ó fún un ní £5 lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀, Dorothy Buxton, fi ẹgbẹ́ Save the Children lọ́lẹ̀ nínú ìpàdé ńlá ní Royal Albert Hall. Nígbà tí ó di Ọjọ́ Àwọn Ọmọ Aláìṣẹ̀ ní òpin ọdún náà, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún ní kí a gba ọrẹ fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa nínú gbogbo ìjọ Kátólíìkì.

Obìnrin yìí kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ó ti ṣe olùkọ́ ọmọdé rí, iṣẹ́ náà kò sì bá a lára mu. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni à ń yan ìyá fún ọmọ aláìní, bóyá a kì bá tí wo apá ibi tí ó jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó ti kàwé ní Oxford. Ó ti wádìí ìgbé-ayé àwọn òtòṣì ìlú Cambridge, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1906. Ó mọ̀ pé omijé kì í ṣe oúnjẹ. Ó rán dókítà lọ sí Vienna láti wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ó gba ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìpolówó, ó sì ń san owó láti gba odidi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn. Àwọn kan bínú, wọ́n ní owó àánú kò yẹ kí ó gba ibẹ̀ lọ. Ní tèmi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀ràn náà, nítorí owó tí ó wọlé ju èyí tí ó jáde lọ.

Nígbà tí ìyàn mú ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1921, ẹgbẹ́ náà fi oúnjẹ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Torcello, wọ́n sì ń bọ́ ọmọ tí ó tó 300,000 lóòjọ́ ní agbègbè Saratov. Ẹ̀yin tí ẹ ti se oúnjẹ ìgbéyàwó rí, ẹ ro ó wò! Ta ni ń ka àpò ìyẹ̀fun? Ta ni ń mọ ìwọ̀n tí inú ọmọ tí ebi ti pa fún oṣù mẹ́ta lè gbà? Olórí kò lè mọ gbogbo èyí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ní ọdún 1923 ni Jebb kọ ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, gbólóhùn márùn-ún péré. Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tẹ́wọ́ gbà á ní Geneva ní ọdún 1924, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni a sì lè pe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ọdún 1956 Dókítà David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti àwọn arákùnrin wa ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó rí i pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, àti pé àìjẹun kánú ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Kò jókòó sí Iléṣà kí wọ́n máa gbé òkú ọmọ wá bá òun. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti ń tọ àwọn ọmọ lẹ́yìn láti ìgbà tí a bí wọn títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún, nọ́ọ̀sì Margaret Woodland sì wà lára àwọn tí ó di iṣẹ́ náà mú. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi àmì sí orí káàdì, wọ́n sì ń fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́jú, ewu ti wà ní ẹnu ọ̀nà, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà tilẹ̀ yọ bọ̀rọ̀. Ìyá tí kò mọ ìwé lè rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà ni wọ́n sì fi káàdì sí, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn! Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ ní ayé.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tí ó dá owó jù ni à ń fi ṣe alàgà. N kò rí ibi nínú rẹ̀, bí ó bá lè gbọ́ràn sí nọ́ọ̀sì tí ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀: òmíràn a máa fi èdè tí ẹnìkan kò gbọ́ bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí jù ni ilé ọmọ aláìní tí a ń kó àkàrà òyìnbó lọ ní Kérésìmesì, tí a sì ń ya fọ́tò, tí kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ tí ọmọ wọlé sílẹ̀, tàbí orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí abúlé tí a ti gbé e wá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò di ọmọ ogún ọdún, yóò béèrè ilé bàbá rẹ̀, a kò sì ní rí nǹkan kan wí fún un.

Mo gbọ́ pé Ìjọ yìí ń gbèrò láti dá ilé ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní ìrántí ọdún yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti akọ̀wé owó pọ̀ nínú àga tí mo ń wò yìí. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó pe bíríkìlà. Kí ẹ sì tó ra ibùsùn kan ṣoṣo, ẹ ra òṣùwọ̀n, àti ìwé ńlá tí ó ní èèpo líle, tí a ó máa kọ orúkọ sí.