Ojú Irin Èkó àti Ará Ìjẹ̀gùn

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irú ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè kó èrò ìlú tí ó tó Èkó. Kókó àsọyé yìí ni pé bí ojú irin ti wù kí ó dára tó, ẹni tí ó bá rí ọ̀nà dé ìdí rẹ̀ ni ó lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ la ojú irin ní Èkó mọ èyí. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ìdó ni ibùdó rẹ̀ wà, omi ọ̀sà sì là á láàrin sí Erékùṣù Èkó, níbi tí iṣẹ́ àti òwò gbé wà. Èrò tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Nítorí náà, ní ọdún 1902, wọ́n fi ọkọ̀ irin kékeré tí à ń pè ní táràámù so Ìdó pọ̀ mọ́ Erékùṣù, ó ń gba orí afárá Carter kọjá. Ọdún 1933 ni ọkọ̀ náà dẹ́kun iṣẹ́.

Ó pẹ́ kí Èkó tó tún ní ojú irin ti àárín ìlú. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande dáwọ́ lé e ní 1983, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọ̀nà Búlúù bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Ọ̀nà Pupa tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Oyíngbò, kìlómítà 27.

Níbo wá ni Ìjẹ̀gùn wà nínú gbogbo èyí? Ìjẹ̀gùn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714. Nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, kò sí èyí tí ó ní ibùdó ní Ìjẹ̀gùn. Òṣìṣẹ́ tí ó ń lọ sí Marina ní láti kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá tàbí dánfó dé Ìkòtún. Ibẹ̀ ni yóò ti wá ọkọ̀ mìíràn lọ sí Òṣòdì, níbi tí ọ̀nà Pupa gbà kọjá, tàbí kí ó gba Cele kọrí sí Mile 2.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ń jẹ nínú àkókò rẹ̀, ìdúró ní ìdíkọ̀ náà sì ń jẹ níbẹ̀. Dánfó kì í ṣí àfi bí ó bá kún. Awakọ̀ kò ṣe é láti fìyà jẹ èrò. Ó ní owó tí yóò jíṣẹ́ fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ó ní owó epo, ó sì ní owó ìdíkọ̀. Bí ó bá ṣí lófìfo, gbèsè ni yóò kó wálé. Aago ni ọkọ̀ ojú irin ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé. Èkínní ń dúró de èrò, èkejì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àárín àwọn méjèèjì ni ará Ìjẹ̀gùn há sí.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, Switzerland, tí iye ènìyàn rẹ̀ kò tó ti ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1982, wọ́n ṣètò pé kí ọkọ̀ ojú irin máa ṣí ní ìṣẹ́jú kan náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí èrò lè mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú kí àwọn ọkọ̀ máa pàdé ní àwọn ibùdó ńlá. Ní ọ̀pọ̀ abúlé orí òkè, ọkọ̀ akérò iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni ó ń pàdé èrò tí ó bá ti inú ọkọ̀ ojú irin sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé olówó ni Switzerland. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn láàrin ọkọ̀ àti ọkọ̀ kò gba owó tó kíkọ́ afárá. Ohun tí ó gbà ni kí awakọ̀ máa gba owó oṣù, kí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ má baà so mọ́ kíkún ọkọ̀. Kí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn sí Ìkòtún sì já gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi lè pa àkókò mọ́. Káàdì Cowry tí a fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ BRT ti fi hàn pé owó ọkọ̀ ṣeé so pọ̀. Àkókò ni ó kù.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọkọ̀ ojú irin kò lè wọ àdúgbò Ìjẹ̀gùn, dánfó kò sì lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò lọ sí Marina lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ Ìjẹ̀gùn bá lè mọ aago tí òun yóò dé ibi iṣẹ́ kí ó tó jáde nílé ni ojú irin Èkó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ tíì tẹ́ irin kan síbẹ̀.