Ẹ Bi Àwòrán Léèrè Kí Ẹ Tó Gbà Á Gbọ́

Láti Ìgbàjà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ni mo ti wá bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn àwòrán tí ń wọlé sórí fóònù wa láàárọ̀ àti lálẹ́, àti bí a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bọ́ọ̀sì kan ni, ó ti jóná ráúráú lójú títì, èrò sì pé jọ yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà Ìlọrin sí Ìgbàjà ni, pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ó ṣẹlẹ̀, pé kí a tètè fi tó gbogbo ènìyàn létí. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe, mo bá fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú wa. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe ní ilé kejì sí tiwa. Ìyá kan, tí ọmọ rẹ̀ ń wọkọ̀ bọ̀ láti Ìlọrin ní àárọ̀ náà, ti rí àwòrán yìí, ó sì ti káwọ́ lérí. Wọ́n pe fóònù ọmọ náà títí, kò wọlé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọmọ dé pẹ̀lú àlàáfíà. Iná fóònù rẹ̀ ni ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ru, ó sì di ọjọ́ kẹta kí ó tó lè jáde lọ sí ọjà.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé àwòrán náà lọ sí kíláàsì mi. Mo ní, “Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún mi.” Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, “Sà, apá òsì ni gbogbo mọ́tò wọ̀nyí ń gbà.” Mo tún un wò, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí pé láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti fi apá òsì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí a ń gba apá ọ̀tún. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní òkè Ọya rí pátákó kékeré kan lára òpó iná, tí wọ́n kọ HATARI sí. Ó ní, “Sà, ó jọ haɗari, tí àwọn Hausa ń pe ewu.” A fi ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ tí ó wà lórí fóònù mi, ó sì sọ fún wa pé èdè Swahili ni, àti pé ewu náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Kenya àti Tanzania ni wọ́n ń sọ Swahili jù, apá òsì sì ni mọ́tò ń gbà ní ilẹ̀ méjèèjì. Níkẹyìn, a rí nọ́ńbà fóònù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 254. Nọ́ńbà Kenya nìyẹn. 234 ni tiwa. Àwòrán tí ó mú ẹ̀jẹ̀ ìyá ru ní Ìgbàjà, Kenya ni wọ́n ti yà á.

Ogún ìṣẹ́jú péré ni àwọn ọmọ fi ṣe iṣẹ́ yìí. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ wọn kò fún un ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwòrán kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gbé e wá ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Bọ́ọ̀sì náà jóná lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni irọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n kọlu àwọn abúlé ní agbègbè Gashish, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbànújẹ́ yìí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbé àwòrán burúkú mìíràn sórí Facebook, wọ́n ní láti Gashish ni. Nígbà tí àwọn oníròyìn BBC wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé fídíò kan nínú wọn, Congo-Brazzaville ni wọ́n ti yà á ní ọdún 2012. Kí òótọ́ tó jáde, inú ti ru. Wọ́n dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, wọ́n fa àwọn ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jáde, wọ́n sì pa wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dá kún ìpànìyàn náà. Àwọn baba wa ní àgbà òṣìkà ni ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹni tí ó wo àwòrán kan ṣoṣo tí ó sì gbé àdá, kí ni ẹ máa pè é?

Ǹjẹ́ kí ni a lè ṣe? Ìmọ̀ kan ti wà nísinsìnyí, tí mo lè pè ní ìwádìí láti inú ohun tí ó wà ní gbangba. Kì í ṣe iṣẹ́ amí, kì í sì í ṣe pé a ń já lẹ́tà onílẹ́tà. Ohun tí gbogbo ayé lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ń wò, ṣùgbọ́n a ń wò ó bí ọdẹ ti ń wo ilẹ̀ igbó. Ọdẹ kì í kọ́kọ́ rí ẹran. Ipasẹ̀ ẹran ni ó ń rí, ewé tí ó ṣẹ́, àti koríko tí ó tẹ̀. Ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan wà tí ń jẹ́ Eliot Higgins. Ní ọdún 2012, ó jókòó sí ilé rẹ̀, ó ń wo àwọn fídíò ogun Síríà, ó sì ń dá àwọn ohun ìjà inú rẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dé Síríà, kò gbọ́ èdè Lárúbáwá. Ní ọdún 2014 ó dá ẹgbẹ́ Bellingcat sílẹ̀, tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ Dubawa bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi àwòrán.

Ìbéèrè kìíní: Ǹjẹ́ ẹnìkan ti rí ọ rí? Àwọn ẹ̀rọ kan wà, bíi Google Lens àti TinEye, tí a lè fi àwòrán hàn dípò kí a kọ ọ̀rọ̀ sí wọn. Ẹ̀rọ náà yóò wá irú rẹ̀ láàárín àwọn tí ó ti rí rí. Bí ó bá rí i pé àwòrán tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àná ti wà nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 2013, ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí: bí ẹ̀rọ kò bá rí i, kò fi hàn pé òótọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kò tíì dé ibi tí ó wà ni.

Ìbéèrè kejì: Kí ni wọ́n kọ sí ọ lára? Ẹ wo pátákó, ògiri, nọ́ńbà mọ́tò àti ẹ̀wù àwọn ènìyàn. Bí èdè náà bá ṣàjèjì sí yín, ẹ̀rọ ìtumọ̀ lè fi kámẹ́rà kà á. Láti oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Yorùbá pàápàá ti wà lára àwọn èdè tí Google ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ ṣe adájọ́. Ká ní ẹnìkan kọ ọ́ sára àwòrán, láìfi àmì kankan sí i, pé “Oko mi ti jo.” Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé oko mi ti jó, pé iná ọ̀gbẹlẹ̀ mú un. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ mi ti jó. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ mi ti jò, tí omi ń wọ̀ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ mi ti jó níbi ìyàwó, tí inú mi ń dùn! Ẹ̀rọ yóò mú ọ̀kan, yóò sì sọ ọ́ bí ẹni pé ó dá a lójú. Nítorí náà, ẹ wá ẹni tí ó ni èdè náà kí ó bá yín kà á.

Ìbéèrè kẹta: Níbo ni wọ́n ti yà ọ́? Ẹ wo òkè, igi, irú òrùlé, àti apá tí mọ́tò ń gbà. Lẹ́yìn náà ẹ lè ṣí Google Earth, tí ń fi àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà láti òkè hàn wá, kí ẹ fi ibẹ̀ wé ohun tí ẹ rí.

Ìbéèrè kẹrin: Nígbà wo ni? Kámẹ́rà fóònù a máa fi ọjọ́ àti wákàtí pamọ́ sínú àwòrán, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba WhatsApp kọjá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Òjìji ló kù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ilé-ìwé yín. Ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kejìlá, òjìji rẹ̀ yóò na sí àríwá. Nínú oṣù kẹfà, gúúsù ni yóò na sí, nítorí pé oòrùn ti kọjá sí àríwá wa. Bí a bá mọ ibi tí ojú ilé kan kọ sí, tí a sì rí òjìji rẹ̀ nínú àwòrán ọ̀sán, a lè mọ̀ bóyá oṣù tí wọ́n pè é ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, fídíò kan jáde. Àwọn sójà ń da obìnrin méjì lọ, ọ̀kan pọn ọmọ sẹ́yìn, ọmọdébìnrin kékeré kan sì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní Boko Haram ni wọ́n, wọ́n sì yìnbọn pa gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn ní Kamẹrúùnù ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìjọba Kamẹrúùnù ní irọ́ ni, pé aṣọ àti ohun ìjà inú fídíò náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn sójà wọn ń lò ní agbègbè yẹn.

Àwọn oníròyìn BBC Africa Eye àti àwọn olùwádìí tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Fídíò náà ni wọ́n bi léèrè. Wọ́n wo ìlà orí àwọn òkè tí ó wà lẹ́yìn, wọ́n fi wé àwòrán ilẹ̀ lórí Google Earth, wọ́n sì rí i pé ó bá òkè ìtòsí abúlé Zelevet mu, ní àríwá Kamẹrúùnù, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Wọ́n wo ilé kan tí ó hàn níbẹ̀: ó wà nínú àwòrán sátẹ́láìtì oṣù kọkànlá ọdún 2014, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì ọdún 2016, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n rìn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ó ń hàn. Níkẹyìn, wọ́n wọn òjìji àwọn sójà bí ẹni ń ka aago oòrùn, ó sì tọ́ka sí àárín ọjọ́ 20 oṣù kẹta sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2015. Wọ́n sì rí fọ́tò àwọn sójà Kamẹrúùnù tí wọ́n wọ irú aṣọ kan náà ní agbègbè náà. Ìjọba mú sójà méje. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ológun rán mẹ́rin nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn òkú kò lè jẹ́rìí. Òkè, ilé àti òjìji ni ó bá wọn jẹ́rìí.

Ìkìlọ̀ kù o. Kọ̀ǹpútà ti lè ya àwòrán ènìyàn tí a kò bí rí, àti ti iná tí kò jó rí, ó sì ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ máa béèrè pẹ̀lú pé: ta ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde, ta ni ó sì wà níbẹ̀ tí ó rí i? Ẹ̀yin ọmọdé, bí àwòrán ẹ̀jẹ̀ bá wọlé, ẹ má ṣe dá a wádìí; ẹ gbé e fún òbí tàbí olùkọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ìmọ̀ yìí tọpinpin aládùúgbò rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wa. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ olùtọ́jú, kí ẹ ya àwòrán ère òkúta kan, kí ẹ sì fi han ẹ̀rọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ sọ sílẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí olùtọ́jú sọ fún yín. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ní ti èmi, mo lọ bẹ ìyá yẹn, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí pé mo ṣì í ṣe. Ìyá dáríjì mí, ṣùgbọ́n ó sọ gbólóhùn kan tí n kò ní í gbàgbé. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe fóònù.” Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹnìkan gba ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ bi àwòrán léèrè kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí i.

Ó dìgbà kan ná. Ó dàbọ̀ o.