Ṣéènsọ́ọ̀ Ìlú Wa Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa sọ

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, torí ìwé ìṣirò owó ni mò ń kà ní yunifásítì, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n wá jábọ̀ lórí ṣéènsọ́ọ̀ ìlú, mo ti dé.

Gbogbo wa la rántí ọjọ́ tí igi àyùnrẹ́ wó dí ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ́yìn òjò ńlá yẹn. Ọ̀kadà kò lè kọjá. Aláboyún kan tó ń rọbí, ẹ̀yìn ni ọkọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n sí tó fi gun orí igi náà kọjá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, tìyá tọmọ wà láàyè. Àwa ọ̀dọ́ sáré gbé ṣéènsọ́ọ̀ jáde. Kò tíì gé ẹ̀ka mẹ́ta tán tí báà fi ń rú èéfín. Ṣéènì gbóná, ó há, ó dúró. Àáké la fi parí iṣẹ́ náà, odindi ọjọ́ méjì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀rọ náà ti darúgbó, ká dáwó ra tuntun. Mẹkáníìkì kan tí a gbé e lọ bá ti ní pọ́ǹpù ọ́ìlì rẹ̀ ti kú. Èmi ni mo nawọ́ sókè, tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀, màá sì sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Kí ni pọ́ǹpù yìí ń ṣe gan-an? Ṣéènì máa ń sáré yí báà ká, irin lórí irin ni. Bí ọ́ìlì ò bá sí láàárín wọn, wọ́n á máa họ ara wọn, wọ́n á gbóná, báà á jẹ, ṣéènì sì lè já. Tó bá já, ẹni tó di ẹ̀rọ mú ló wà nínú ewu. Lára ọ̀pọ̀ ṣéènsọ́ọ̀ àtijọ́, àtàǹpàkò ni ẹni tó ń gé igi fi ń tẹ ọ́ìlì sí i. Tiwa ń fa ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, gíà kékeré kan tó lọ́ bíi súkúrù á máa yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù á fa ọ́ìlì láti inú táǹkì gba inú rọ́bà, á tì í jáde ní ihò kékeré kan sí ìdí báà, ṣéènì á wá gbé e káàkiri. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A gbé e lọ bá Bàbá kan ní àdúgbò wa tó ti gé gẹdú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o. Wọ́n ní pọ́ǹpù rẹ̀ ti kú." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló tú u wò? Ọmọ mi, ẹni tí ò tíì kan ilẹ̀kùn kì í sọ pé onílé ò sí nílé."

Wọ́n ní ká kọ́kọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣàdédé yí mọ́ wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la tú báà. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti pò mọ́ ọ́ìlì, ó le bí amọ̀, ó sì dí ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú báà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la fi gún un títí ó fi là. A dá gbogbo rẹ̀ padà, a fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ò jáde.

Ó wá kan táǹkì. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ agolo mílíìkì. Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, á máa kán tó-tó-tó. Ẹ lu ìkejì, á dà ṣàà, torí afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà wọlé. Táǹkì ọ́ìlì náà ní irú ihò kejì yẹn, ó tín-ín-rín gan-an. Tiwa ti dí.

A da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́. Ó dúdú, ó ki bí ẹ̀kọ, iyanrìn àti èérún irin wà nínú rẹ̀. Fílítà ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Rọ́bà tó ń fa ọ́ìlì ti sán, afẹ́fẹ́ ló ń fà. A ra rọ́bà tuntun tí ọ́ìlì kì í jẹ, tó ṣe déédéé rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà.

Ó wá ku pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, ẹ̀yin ọ̀dọ́: lára ọ̀pọ̀ ṣéènsọ́ọ̀, òdì ni kílọ́ọ̀ṣì ń tú. Ẹni tó bá yí i bí a ṣe ń tú súkúrù lásán, ńṣe ló ń dè é le sí i. Bàbá ki okùn sínú ihò púlọ́ọ̀gì kí písítìn má lè yí, wọ́n wá tú u ní ọwọ́ ọ̀tún. A bá pọ́ǹpù nílẹ̀. Eyín gíà rẹ̀ pé. Kò kú o, ìdọ̀tí ló dè é mọ́lẹ̀. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ, a fi ọ́ìlì tó mọ́ pa á lára, a sì dá a padà.

Bí a ṣe dán an wò nìyí: a gbé ẹnu báà sókè páálí funfun, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí i, láìjẹ́ kó kan án, a sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré. Kò pẹ́ tí ìlà ọ́ìlì fi hàn lórí páálí. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ará àdúgbò náà gbọ́ ọ!

Ó wá kan ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo ra ọ́ìlì burúkú yẹn. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni, èyí tí wọ́n ti jò kúrò nínú mọ́tò. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo dín ìnáwó kù, ẹ tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi níbí yìí. Ìyà tí aláboyún yẹn jẹ lórí igi, ó lọ́wọ́ mi nínú. Mi ò lè jókòó kí n máa wo bí ẹ ó ṣe dáwó lórí ẹ̀bi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Ohun tí a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità a náání èèpo igi. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ ká máa ra ọ́ìlì tó mọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ṣéènì bí a bá rí i. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, epo pupa náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, torí ó máa ń dì nígbà ọyẹ́. Ìkejì, kí ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹni tó bá lò ó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kó sì kọ ọ́ bóyá ọ́ìlì ń lọ sílẹ̀ bí epo bẹntiróòlù ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí bẹntiróòlù bá tán tí ọ́ìlì ṣì kún, kó má gé igi mọ́, kó tú u wò. Ìkẹta, Bàbá ti gbà láti kọ́ ọ̀dọ́ méjì níṣẹ́ yìí, kí ìmọ̀ náà má bá wọn lọ. Ẹ yọ̀ǹda ọmọ yín.

Báà ti jẹ díẹ̀, a máa pààrọ̀ òun àti ṣéènì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára èyí tí ẹ fẹ́ dá. Òjò ń bọ̀, igi mìíràn á wó. Lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ilé ìwòsàn á là kí ilẹ̀ tó ṣú, lágbára Ọlọ́run.

Ìlú wa á dára o.