ÌLÚ GWANGMYEONG ÀTI IHÒ ÌWAKÙSÀ RẸ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú)



Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò mi sí ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù. N kò ní sọ ti Seoul, olú ìlú wọn, nítorí àwọn tí ó ti ròyìn rẹ̀ pọ̀. Gwangmyeong ni mo fẹ́ sọ, ìlú kan tí ó fara ti Seoul. Ní 1981 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlú tí ó dá dúró, síbẹ̀ òjìji Seoul bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé 02 tí ó ṣáájú nọ́ńbà tẹlifóònù Seoul náà ni wọ́n ń lò. Púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ a máa jí lọ ṣiṣẹ́ ní Seoul, wọn a sì padà wá sùn. Kí ni àlejò yóò wá wò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Ihò ni. Ní 1912, nígbà tí àwọn ará Jàpáánì ń jọba lé Kòríà lórí, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà, fàdákà, bàbà àti síǹkì nínú òkè kan níbẹ̀. Òógùn ọmọ Kòríà ni wọ́n fi ń wa á. Ibòmíràn ni èrè ń lọ. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà gùn ju kìlómítà 7 lọ. Ní 1972, ìkún-omi àti ìbàjẹ́ tí ìdọ̀tí ìwakùsà ń ṣe mú kí wọ́n tì í pa. Lẹ́yìn náà, edé oníyọ̀ ni a ń kó pamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí inú rẹ̀ tutù ní ìgbà gbogbo, bí ìwọ̀n 12 ti Celsius. Ìyá ọlọ́jà wo ni kò ní mọ iyì irú àká bẹ́ẹ̀?

Ní 2011 ni ìjọba ìlú náà ra ihò tí ẹlòmíràn ti kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n tan iná sí i, tí wọ́n sì ṣí i fún àlejò. Nísinsìnyí, owó ni à ń san kí a tó wọlé. Mo rí ẹja nínú àwo gíláàsì ńláńlá, mo sì rí yàrá tí a to ọtí èso àwọn àgbẹ̀ Kòríà sí. Wọ́n tún gbé ère dírágónì, ẹranko inú àlọ́ wọn, síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń hó yèè, èmi yára kọjá. Ibi tí a ti ń fi ìtàn àwọn awakùsà hàn ni mo dúró sí pẹ́.

Níta ihò ni ère ọmọbìnrin kan wà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2015 fún ìrántí àwọn obìnrin tí a fi agbára kó fún àwọn ọmọ ogun Jàpáánì. Ìlú náà tilẹ̀ ti yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ihò yìí fún ìtọ́jú àwọn ìyá àgbà tí ó kù nínú wọn. Èyí ni ó wú mi lórí ju gbogbo iná inú ihò lọ.

Ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré jùlọ ní Kòríà ń dúró ní Gwangmyeong, bọ́ọ̀sì a sì gbé yín láti ibẹ̀ dé ẹnu ihò. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, ìbáà jẹ́ nínú oṣù August. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sábà máa ń tì í.