Káún, Àgbàdo àti Ikùn Ẹgbọrọ Màlúù
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹran sísìn, torí púpọ̀ nínú wa ló ń yá owó ẹgbẹ́ ra ẹgbọrọ màlúù, tí a ó bọ́ ọ sanra de Iléyá tàbí Kérésìmesì. Bí ẹran bá kú, gbèsè kì í bá a kú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá gbẹ nílẹ̀ Yewa wa yìí, àgbàdo la máa ń dà sílẹ̀ fún wọn. Àgbàdo ń mú ẹran sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìkòkò ògì. Bí a bá rẹ àgbàdo, ṣebí ó máa ń kan? Bẹ́ẹ̀ náà ló ń kan nínú ikùn màlúù. Bí ẹran bá jẹ koríko, á jẹ àpọ̀jẹ, itọ́ á máa ṣàn wọnú, itọ́ yẹn ló ń pa ìkan. Màlúù tó dàgbà lè da itọ́ tó ju 100 lítà lọ lóòjọ́. Àgbàdo lílọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu, itọ́ ò ní tó, ìkan á pọ̀. Ẹran á kọ oúnjẹ, ikùn á wú, ìgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣàn, á sì máa rùn kíkan. Bí a ò bá tètè rí i, ó lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ibẹ̀ ni káún ti wúlò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á mọ̀ pé láti agbègbè Adágún Chad ló ti ń wá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn Fúlàní ti ń fún màlúù wọn lá. Ẹ bu omi ògì kíkan sínú abọ́, kí ẹ ju káún díẹ̀ sí i: á hó, ìkan rẹ̀ á dínkù. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ikùn nìyẹn. Baking soda ń ṣe irú rẹ̀, òun sì ni àwọn tó ń po oúnjẹ ẹran máa ń lò, bíi kílò 1 sí 100 kílò oúnjẹ. Káún ní yanrìn àti iyọ̀ mìíràn nínú, agbára rẹ̀ kì í dọ́gba, torí náà ẹ má wọ̀n ọ́n bíi baking soda. Ẹ jẹ́ kí ẹran máa lá a fúnra rẹ̀, kí omi mímu sì wà nítòsí. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà fún símẹ́ńtì ní Ìbèṣè ò lè rọ́pò rẹ̀, kì í tètè yòrò nínú ikùn. Símẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dán an wò o!

Ṣùgbọ́n káún ò ní ká máa da àgbàdo bó ṣe wù wá. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná. Kí koríko tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ wà níwájú ẹran lójoojúmọ́. Bí ẹran bá já wọ ibi àpò àgbàdo lóru, ẹ pe dókítà ẹranko kí ikùn tó wú.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi. Owó ẹgbẹ́, owó gbogbo wa ni. Ẹran wa ò ní kú, ọjà wa á tà.