Àgádágodo Tó Ń Sọ Ibi Tí Ẹrù Wà: Ta Ni Ó Yẹ Kó Rà Á, Báwo La Sì Ṣe Ń Lò Ó?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé ìmọ̀ràn.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá láti Bronx, Brooklyn, Staten Island àti Newark tó wà lódìkejì odò, wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí àgádágodo kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè nípa rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi sí ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀nténà, tí yóò sì máa sọ ibi tí ẹrù wà lórí fóònù ẹni. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, nítorí náà ẹ má retí pé mo wá polówó ọjà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé, bí a bá náwó sí i, kí ni yóò gbà là fún wa?

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ní ṣókí ná. Àgádágodo yìí kì í ṣe ọlọ́dẹ, ẹlẹ́rìí ni. Bí olè bá dé, kò lè ṣe ju bí irin rẹ̀ bá ṣe le tó lọ. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ibi tí wọ́n ti ṣí i àti aago tí wọ́n ṣí i. Ẹlẹ́rìí kò sì wúlò bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́ ọ, tí kò sì sí ìwé tí yóò ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni GPS. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni àwọn sátẹ́láìtì GPS tó wà lókè. Wọ́n lé ní 24, ọdún 1995 ni wọ́n sì kéde pé ètò náà pé pérépéré. Àgádágodo ń gbọ́ wọn kí ó lè mọ ibi tí òun wà. Gbígbọ́ nìkan ni o, kì í dá wọn lóhùn. Èkejì ni káàdì SIM, irú èyí tó wà nínú fóònù wa. Òun ló fi ń ránṣẹ́ sí wa. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ó lè mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Port Newark, ẹ má retí ìròyìn lórí òkun títí yóò fi sún mọ́ Èkó. Bákan náà, irin kọ̀nténà a máa dí ojú ọ̀run. Bí ẹ bá so ó mọ́ dúrọ́ọ̀mù yín tí wọ́n tò sínú kọ̀nténà pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn, ó ti di adití, ó sì ti ya odi.

TA NI Ó YẸ KÓ RÀ Á?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dúrọ́ọ̀mù kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò. Ẹ ra síìlì tó ní nọ́ńbà, ẹ ya àwòrán ẹrù bí ẹ ti ń dì í, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ó parí.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àti àwọn oníṣòwò tó para pọ̀ gba odidi kọ̀nténà. Ìtòsí wa níbí ni iṣẹ́ kọ̀nténà ti gbérí: ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956 ni ọkọ̀ Ideal X gbé kọ̀nténà 58 kúrò ní Port Newark lọ sí Houston. Kó tó di ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, olè jíjà ní èbúté sì pọ̀. Kọ̀nténà dín ìyẹn kù. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ti rí ẹrù gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní àgádágodo kan jẹ́ $150, ká ní owó SIM rẹ̀ jẹ́ $10 lóṣù. Lọ́dún kan, ó di $270. Bí ẹgbẹ́ yín bá fi kọ̀nténà mẹ́ta ránṣẹ́ lọ́dún náà, tí ẹbí 20 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, $4.50 ni yóò kan ẹbí kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó dá a rà fún dúrọ́ọ̀mù kan ti sọ owó nù.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

1. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó kún. Ẹ fi SIM tó ní dátà sí i. Níbí, AT&T ti pa 3G rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, nítorí náà kí ẹ ra èyí tó ń lo 4G. Bí ó bá jẹ́ SIM Nàìjíríà ni ẹ fẹ́ lò, ó gbọdọ̀ so mọ́ NIN ẹnì kan. Kí ó jẹ́ ti ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa.

2. Ẹ gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àgádágodo sí i, kí ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá yín tà á padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ilé-iṣẹ́ wá, ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n.

3. Ẹ gbé e jáde síta gbangba. Ẹ má dán an wò nínú ilé abẹ́ ilẹ̀. Ẹ ti í, kí ẹ gbé e láti Flatbush lọ sí Fordham, kí ẹ ṣí i lójú ọ̀nà, kí ẹ wá wo ohun tí fóònù sọ.

4. Ẹ yan iye ìgbà tí yóò máa ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 10, ìgbà 144 ni lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 6, ìgbà mẹ́rin péré ni. Èkíní a máa tètè jẹ bátìrì. Nígbà tí ẹrù bá dúró sójú kan, ẹ jẹ́ kó máa ránṣẹ́ díẹ̀. Nígbà tí tírélà bá ń rìn, ẹ jẹ́ kó máa ránṣẹ́ dáadáa.

5. Ẹ ní kó ta yín lólobó bí wọ́n bá ṣí i, bí wọ́n bá gé e, tàbí bí bátìrì bá fẹ́ tán. Kí ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì: ẹnì kan níbí, ẹnì kan ní Èkó. Nígbà ooru, aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Èkó, aago mẹ́ta òru ni níbí. Ta ni yóò jí?

IBO NI KÍ A TI FI SÍ I?

Kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà lè fẹ́ wo inú kọ̀nténà. Ti Nàìjíríà náà lè ní kí a ṣí i ní Apapa, ní Tin Can, tàbí ní èbúté tuntun ti Lekki tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣí àgádágodo yín, wọn yóò gé e, owó yín sì ti lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí àgádágodo wà lọ́wọ́ ẹni yín ní Èkó, kí ó fi sí i lẹ́yìn tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti ṣe tán, kí tírélà tó jáde. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ló ti wúlò jù, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ ju ojú òkun lọ. Bí ẹ bá ń bá ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ, bátìrì lithium wà nínú rẹ̀: ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

Ẹ má sì rò pé ó rọ́pò síìlì. Síìlì onírin tó ní lẹ́tà H lára gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú bill of lading, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi jẹ́rìí pé àwọn gba ẹrù. Kí éjẹ́ǹtì yín fi nọ́ńbà méjèèjì wéra ní èbúté. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí ó kọ ọ́ sórí ìwé níbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ní ọdún 2017, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Rùwáńdà jọ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí fún ẹrù tó ń ti èbúté Mombasa lọ sí Kampala àti Kigali. Wọn kò fi síìlì nìkan sí i. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa wò ó àti òṣìṣẹ́ tí yóò sáré lọ síbẹ̀ bí ó bá figbe ta. Ẹ̀yin náà, ẹ ti yan ẹni tí yóò sáré kí ẹrù tó kúrò nílé.

BÍ ẸRÙ BÁ SỌNÙ ŃKỌ́?

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Carriage of Goods by Sea Act, ti ọdún 1936, sọ pé $500 ni èyí tó pọ̀ jù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò san lórí ẹrù kan, àyàfi bí ẹ bá ti kéde irú ẹrù náà àti iye owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e, tí ó sì wà nínú bill of lading. Bí ìwé yín bá kọ "kọ̀nténà kan" láìsọ ohun mìíràn, wọ́n lè bá yín jiyàn pé ẹrù kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé dúrọ́ọ̀mù 40, bí ó bá jẹ́ 40. Bí àdánù náà kò bá hàn síta nígbà tí ẹ gba ẹrù, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní láti fi ìwé sọ fún wọn. Ọdún kan sì lẹ ní láti lọ sílé ẹjọ́. Òfin yẹn wà fún ìrìn ojú omi. Fún ìrìn tírélà, ẹ ní àdéhùn alákọsílẹ̀ pẹ̀lú éjẹ́ǹtì, kí ẹ sì ra ìṣúra tó dé ilé, kì í ṣe èyí tó parí ní èbúté. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa yóò ti sọ̀rọ̀: yóò fi ọjọ́, aago àti ibi hàn. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún agbẹ́rù rárá, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Federal Maritime Commission ní Washington, àwọn tó ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó ń bá oníbàárà àti agbẹ́rù parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bí àgádágodo bá dákẹ́, ẹ má tètè pariwo olè. Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè jẹ́ bátìrì. Ẹ pe dẹ́rẹ́bà, ẹ pe éjẹ́ǹtì, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ mọ ohun tí igbe "olè" lè dá sílẹ̀ lójú pópó nílé: wọ́n lè fi pa aláìṣẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni wọ́n gé e, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Ẹ má rán àbúrò yín lọ dojú kọ olè nítorí ẹrù. Ẹ má sì fi ibi tí tírélà wà sórí WhatsApp ẹbí, ojú tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi kọ̀nténà ránṣẹ́ kí ọdún tó parí, ẹ mú bill of lading àti ìwé ìṣúra yín wá bá wa lọ́jọ́ ìmọ̀ràn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. A ó jọ kà á, a kì í gba kọ́bọ̀.