Fóònù Obìnrin àti Ìdènà Kòkòrò HIV

Ìwé owó ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n lónìí mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ nípa fóònù.

Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, òun ni a fi ń kéde ìpàdé àti ẹ̀yáwó. Ó tún lè gba ẹ̀mí là. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìjọba Gúúsù Áfíríkà dá ètò MomConnect sílẹ̀. Aboyún tó bá forúkọ sílẹ̀ a máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí oyún ti ń dàgbà; ó sì lè béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ HIV wà nínú rẹ̀.

Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn ní kòkòrò náà tí kò lo oògùn, 15 sí 45 ló lè kó o. Bí ìyá bá lo oògùn bó ti yẹ, títí dé ìgbà ìfọ́mú, kì í tó 5. Bí rọ́bà ìdáàbòbò bá sì bẹ́, tàbí tí wọ́n fipá bá obìnrin lò, oògùn wà tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Mélòó nínú yín ló mọ èyí? Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ọjọ́ kẹrin, ó ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n fóònù ta ni? Ní ilé mìíràn ọ̀kan ṣoṣo ló wà, abẹ́ ìrọ̀rí baálé ló sì ń sùn. Bí ọ̀rọ̀ HIV bá wọlé lóru, ìyàwó ni yóò máa ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀dí. Nítorí náà, kí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ má dárúkọ àrùn rárá. Kí ó kàn pè é wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Fún àwọn ìyá tí kò mọ̀wé, ẹ fi ohùn Yorùbá ránṣẹ́, kí nọ́ọ̀sì sì ni yóò sọ ọ́. (Àgbo tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé ó ń wo HIV, irọ́ ni.)

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, èyí kàn yín. Orúkọ ẹni tó lọ ṣe àyẹ̀wò, tàbí èsì rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jáde lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ láti ya ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀. Bí mo bá rí ẹ̀yáwó tí ẹ kọ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, n óò kọ ọ́ sínú ìròyìn mi.

Mo dábàá pé kí àwọn obìnrin yan ẹni méjì láàárín ara wọn lónìí, kí wọ́n lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.